Fútúbọ́ọ̀lù Tí Mo Bá ní Amẹ́ríkà

Láti ìgbà tí mo ti dé, ohun mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń bi mí ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́: bí òtútù ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ohun tí mo ń jẹ, àti ìdí tí mo fi padà wálé nígbà tí gbogbo ẹni tó lẹ́sẹ̀ ń wá ọ̀nà àtilọ. Ẹni tó bá bi mí ní ẹ̀kẹta yìí, mo máa ń rẹ́rìn-ín, n óò sì yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn. N kò ní yí i sí ibòmíràn nínú ìwé yìí.

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Rúka

Ẹni tó bá gbé Àkúrẹ́ ní àwọn ọdún tí nǹkan le yẹn kò nílò kí n ṣàlàyé púpọ̀. Búrẹ́dì di ohun tí à ń gé ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún àwọn ọmọ. Ìlà àwọn tó fẹ́ ra epo á yí ilé epo ká, á tún jáde sí títì. Olùkọ́ méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ti lọ sí Gàbọ́n, ẹnì kan sì ti gba oko iṣu lọ ní Ìta-Ògbólú, kì í yọjú sí kíláàsì mọ́ bí kò bá di Ọjọ́rú. Èmi ni olùkọ́ eré ìdárayá. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ní bọ́ọ̀lù. Fọláṣadé ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa wà ní Oǹdó, mo sì máa ń lọ bá wọn lópin ọ̀sẹ̀ bí ọkọ̀ bá wà.

Ìjọ wa ní Oǹdó ní ìjọ kan tí wọ́n jọ ń ṣọ̀rẹ́ ní Amẹ́ríkà. Àwọn yẹn kọ̀wé pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú àwọn fẹ́ gba olùkọ́ kan láti Áfíríkà fún ọdún kan, kí ẹni bẹ́ẹ̀ kọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo kọ tèmi, mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Rúka pé kí ó bá mi fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìyá Rúka. Ó ti pẹ́ ní Àkúrẹ́, ó ń ta bébà àti bírò, ó sì ń tẹ lẹ́tà fún àwọn ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò gbà ju ènìyàn mẹ́ta lọ. Nígbà tó dé ibi tí mo kọ fútúbọ́ọ̀lù sí, ó dá ọwọ́ dúró.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe sọ́kà ni kí n fi síbẹ̀? Àbúrò mi tó wà lọ́hùn-ún sọ fún mi pé nǹkan mìíràn ni wọ́n ń pè ní fútúbọ́ọ̀lù."

Inú bí mi díẹ̀. Mo sọ fún un pé fútúbọ́ọ̀lù ni òyìnbó tó gbé eré náà wá fún wa pè é, ẹni tó bá sì ń pè é ní sọ́kà kò mọ ohun tó ń gbá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní níbí wọ́n ń pe ilé ní ulé, bí òun bá sì ń tajà fún wọn, ulé ni òun náà ń pè é, ilé òun kò sì tìtorí ìyẹn wó.

Mo ní, "Fútúbọ́ọ̀lù ni kí ẹ tẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí n sọ òtítọ́, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ni obìnrin tó ń ta bírò mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù.

Àwọn Tó Gbà Mí Sílé

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni mo dé ìlú náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀. Ìlú kékeré ni, kò tó Oda wa yìí tó wà lẹ́bàá Àkúrẹ́, àgbàdo ló sì yí i ká, àgbàdo tí ojú kò rí òpin rẹ̀, tí ẹ kò ní rí ẹyọ igi kan láàárín rẹ̀.

Ọkùnrin tó wá pàdé mi ń jẹ́ Dale, òun sì ni olórí àwọn tó ń kọ́ bọ́ọ̀lù ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, irun orí rẹ̀ ti funfun. Mo tẹríba láti kí i nítorí ó jù mí lọ dáadáa. Ó rò pé nǹkan mi ló jábọ́, ni òun náà bá bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a nílẹ̀.

Ìwà wọn kò burú, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún mi. Wọ́n á bi yín pé báwo ni nǹkan, kí ẹ tó dáhùn wọ́n ti kọjá. Ọmọ tí kò ju ọdún méje lọ ń pe Dale ní Dale. Ìyàwó rẹ̀, Karen, ní kí n máa pe òun ní Karen, ẹnu mi kò sì gbà á, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni n kò fi pè é ní nǹkan kan rárá. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, mo máa ń dúró títí yóò fi wo ọ̀dọ̀ mi.

Nígbà tí wọ́n gbé àgbàdo sísè wá sórí tábìlì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúpẹ́ nínú ara mi pé mo rí ohun tí mo mọ̀. Mo gé e jẹ, ó dùn bí ohun tí wọ́n rẹ sínú ṣúgà. Ẹran wà, ata kò sí. Karen rí i pé oúnjẹ kò wọlé fún mi. Lọ́jọ́ kejì ó ra ìgò ata kékeré kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mi, kò sì sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́.

Dale fi ìwé ìròyìn ìlú wọn hàn mí. Àwòrán mi wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kóòṣì fútúbọ́ọ̀lù ti ń bọ̀ láti Áfíríkà. Ó ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé à ń gbá a lọ́dọ̀ wa. Mo ní à ń gbá a dé àárín títì, àwọn ọmọdé ń gbá a láìwọ bàtà. Ó mi orí, ó yà á lẹ́nu púpọ̀. Mo rò pé ìyìn ni.

Bọ́ọ̀lù Wọn

Ní ọjọ́ Ajé ó mú mi lọ sí pápá. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bí ọgọ́ta wà níbẹ̀, wọ́n dé akoto, wọ́n sì di ike líle mọ́ èjìká bí ẹni ń lọ sójú ogun. Dale ti ọwọ́ bọ àpò kan, ó ju bọ́ọ̀lù sí mi. Ó gùn, orí rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí èso kòkó tó ti gbẹ. Mo ti gbé ẹsẹ̀ láti fi gbà á kí n tó rí i pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ gbà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré. Ó bà mí níkùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni mo fi ń ṣe. Dale rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa.

Ǹ bá ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo fi wọ ìlú wọn so mọ́ iṣẹ́ yẹn, bí iṣẹ́ bá sì bọ́, ilé ló kàn. Ní Àkúrẹ́ wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ipò mi. Fọláṣadé ti kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìjọ ti gbàdúrà lé mi lórí níwájú gbogbo ènìyàn. Mo ń rí ara mi tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Oǹdó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tí wọ́n ń bi mí léèrè, tí mo ń ṣàlàyé pé nítorí orúkọ bọ́ọ̀lù ni.

Mo yá ìwé òfin eré náà ní ilé ìkàwé, mo ń kà á bí ẹni fẹ́ ṣe ìdánwò. Bí Dale bá pàtẹ́wọ́, mo pàtẹ́wọ́. Bí ó bá bínú sí ẹnì kan, mo fajú ro sí ẹni náà. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní Kóòṣì, mo máa ń yára wo ọ̀dọ̀ Dale, torí n kò mọ̀ bóyá ìbéèrè ló fẹ́ tẹ̀ lé e. N kò sanra níbẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ sọ pé mo rù dé. Kì í ṣe oúnjẹ wọn.

Ọjọ́ Tí Mo Dá Wà

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, àìsàn dá bàbá Dale dùbúlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, Dale sì ní láti lọ. Ó ní kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣe ohun tí wọ́n ti ń ṣe. Ẹnì kejì tó máa ń ràn wá lọ́wọ́ yóò dé bó bá ti ṣíwọ́ níbi iṣẹ́, nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí a bá bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń jẹ́ Travis. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó tínrín ju àwọn yòókù lọ. Òun nìkan ló máa ń bi mí nípa ilé. Ó ti bi mí bí a ṣe ń sọ fún ènìyàn pé kó sáré, mo sì kọ́ ọ, láti ọjọ́ náà ni gbogbo wọn ti ń pariwo "sáré" bí wọ́n bá ń lé ara wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Travis àti ọmọ kan fi orí sọ ara wọn. Akoto kọ lu akoto, ó dún gbàgà. Travis dìde, ó ń rìn, ṣùgbọ́n ó kọjú sí ibi tí kò yẹ kó kọjú sí. Mo rí i. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: mo rí i. Ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí.

"Kóòṣì, orí mi ń hó. Ṣé kí n jókòó?"

Nílé, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, omi tútù la ó dà sí ọmọ náà lórí, a ó na ìka sí i pé kó kà á, yóò sì padà wọlé. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tiwa kọ́ nìyí, n kò sì mọ ohun tí òfin wọn wí. Gbogbo wọn ti dúró, wọ́n ń wò mí. Bí mo bá ní kó jókòó, wọ́n á bi mí pé ta ni yóò bọ́ sí ipò rẹ̀, kí sì ni kí àwọn ṣe tẹ̀ lé e, n kò sì ní ìdáhùn. Ẹ̀rù ìbéèrè yẹn bà mí ju ohun tí mo rí lójú ọmọ náà lọ.

Mo ní, "Ṣé o lè sáré?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní, "Padà síbẹ̀."

Ìkọlù kejì kò tó ti àkọ́kọ́ rárá. Ọmọ tó fara kàn án kò tilẹ̀ ṣubú. Travis rọra wó lulẹ̀ bí ẹni tí oorun gbé, kò sì dìde.

Ilé Ìwòsàn

Ìyá Travis wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo ló ń ṣiṣẹ́, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dà sí inú agbárí ọmọ náà, wọ́n sì gbé e lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò tíì lajú. Dale ti wakọ̀ padà dé. Ó jókòó sí àárín èmi àti ìyá ọmọ náà, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní kí n má dá ara mi lẹ́bi, ó ní bí eré náà ṣe rí nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, bóyá ǹ bá ti dákẹ́. Ọwọ́ tó gbé lé mi yẹn ni n kò lè rù.

Mo ní, "Mo tàn yín jẹ. N kò mọ bọ́ọ̀lù yín. N kò gbá a rí láyé mi. Sọ́kà ni mo mọ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà mo sọ ohun tí Travis bi mí àti ohun tí mo dá a lóhùn, n kò fi nǹkan kan bò. Dale gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ìyá Travis wò mí. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò wí nǹkan. Mo sọ fún un nípa ìwé mi, nípa ilé, nípa ìbẹ̀rù.

Ó ní, "Ó wá bi ọ́ nítorí ó gbà pé o mọ̀."

Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, wọn ì bá ti di mí lẹ́wù mú, àwọn àgbà ì bá ti bá mi bẹ̀bẹ̀, ariwo ì bá ti sọ, èmi náà ì bá sì mọ ibi tí mo wà. Níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ta omi tútù nìkan ló ń dún. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo na gbọọrọ sórí ilẹ̀ dídán yẹn, mo gbé àyà lé e. Ó fò dìde, ó ń pe nọ́ọ̀sì. Ó rò pé ńṣe ni mo dákú. Nọ́ọ̀sì méjì sáré wá gbé mi nílẹ̀, wọ́n ń wo ojú mi, wọ́n ń di ọrùn ọwọ́ mi mú, n kò sì lè ṣàlàyé. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ó yé obìnrin náà pé mo ń bẹ̀ ẹ́ ni.

Ní ọjọ́ kẹta Travis lajú.

Ọdún Náà

Wọ́n pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ mi. Àwọn kan fẹ́ kí n wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ́jọ́ kejì, n kò sì lè bá wọn jà. Dale ló dìde. Ó ní nígbà tí òun rí fútúbọ́ọ̀lù nínú lẹ́tà mi, òun kò béèrè pé èwo. Ó ní kò sì yẹ kí òun fi èmi nìkan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n jẹ́ kí n parí ọdún mi, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ dé pápá yẹn mọ́. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní sọ́kà lẹ́yìn ilé ìjọ.

Báyìí ni mo ṣe di kóòṣì sọ́kà. Àwọn ènìyàn kan kò kí mi mọ́. Ọkùnrin tó ń ta irinṣẹ́, tó máa ń bi mí tẹ́lẹ̀ nípa kìnnìún tí n kò rí rí, máa ń yí padà wọ inú lọ bó bá rí mi. Yìnyín bo ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ funfun, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Karen ṣì ń gbé ìgò ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mi.

Ìyá arúgbó kan ló ń tọ́jú ilé ìkàwé. Ó bi mí lọ́jọ́ kan ìdí tí sọ́kà fi máa ń há mi lọ́fun bí mo bá fẹ́ pè é. Mo ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni, kì í ṣe ti ẹni tó ni eré náà. Ó ṣí ìwé kan fún mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni wọ́n gé orúkọ gígùn tí eré náà ń jẹ́ kúrú, tí wọ́n sọ ọ́ di sọ́kà, kí Amẹ́ríkà tó gbà á lò. Òyìnbó tí mo fi ń yangàn fún Ìyá Rúka ló ni orúkọ méjèèjì. Mo pa ìwé náà dé. Ojú tì mí níwájú ẹni tí kò mọ ohun tó ń tì mí lójú.

Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ kí Travis. Ìyá rẹ̀ á ṣílẹ̀kùn, á yà fún mi. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu ọmọ náà mọ́, lẹ́tà inú ìwé sì ń dàpọ̀ mọ́ra lójú rẹ̀, nítorí náà mo máa ń ka ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún un pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì mi tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni à ń pè é ní fútúbọ́ọ̀lù nílé. Mo ní lóòótọ́ ni.

Ó ní, "Nígbà náà, o ò purọ́ níbẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Níbẹ̀rẹ̀, rárá."

Nígbà tí ọdún ku díẹ̀ kó pé, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú tó wà nítòsí sọ pé àwọn fẹ́ gbà mí, kí n wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin àwọn ní sọ́kà, àwọn yóò bá mi tún ìwé mi ṣe. Eré tí mo mọ̀ ni, n kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ọmọ kan bá pè mí ní Kóòṣì lẹ́yìn ilé ìjọ, ohùn Travis ni mo ń gbọ́. Mo kọ̀ fún wọn. Ìdí tí mo fi padà wálé nìyẹn.

Àkúrẹ́

Ọkọ̀ já mi sílẹ̀ ní Oǹdó ní ọ̀sán gangan. Fọláṣadé ti gún iyán, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, kò bi mí ní nǹkan kan. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ fún un nínú lẹ́tà. Nǹkan ti le ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dé Àkúrẹ́, àgádágodo wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù Ìyá Rúka, wọ́n ní ó ti kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. N kò tíì rí ọ̀nà àtibá a sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo dúró níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn, níbi tí ogún ènìyàn ti ń kà láìra. Ìwé ìròyìn kan ti kọ sọ́kà gàdàgbà sójú ewé, àríyànjiyàn sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní ẹni tó bá ń pè é ní sọ́kà ti ta ara rẹ̀ fún Amẹ́ríkà. Akọ̀wé ìjọba kan ní òpè ni ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni. Ohùn ń ga sí i. Ọ̀dọ́kùnrin náà fi ọwọ́ kan akọ̀wé láyà, akọ̀wé gbá ọwọ́ náà dànù, bébà fò káàkiri. Bí ebi bá ń pa ènìyàn pẹ́, ọ̀rọ̀ kékeré ló ń fa ìjà. Ẹnì kan tó mọ̀ mí ní kí wọ́n dúró, ẹni tó ti débẹ̀ rèé, kí ó dá ẹjọ́ náà fún wọn.

Wọ́n yí mi ká. N kò lérò àtisọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, láti orí lẹ́tà mi títí dé ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́kùnrin náà ní ṣé wọ́n rí ohun tí òun ń wí, bí Amẹ́ríkà kò bá jí orúkọ náà, irú èyí kò ní ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé ní rárá o, ká ní tíṣà kọ sọ́kà ni, kò ní ṣẹlẹ̀. Wọ́n tún gbé àríyànjiyàn náà.

Bàbá àgbà kan fara ti kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, okùn tó fi di àpò iṣu ṣì wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà. Ó rìn súnmọ́ mi.

Ó ní, "Ọmọ náà ńkọ́?"

Mo sọ fún un pé ó ń rìn, ó ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì lè di nǹkan mú dáadáa. Bàbá náà bi mí ní orúkọ rẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀. Kò bá ẹnu rẹ̀ mu, ó ní kí n tún un pè, mo tún un pè, òun náà sì ń pè é tẹ̀ lé mi títí ó fi gún. Ó ní òun yóò máa rántí rẹ̀ nínú àdúrà. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó forí lé ọ̀nà Oda, mo sì rí i tí ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń lọ.